Àwọn Ọmọ Tí Wọ́n Pa Bàbá Wọn: Ìrìn Mi sí Pápá Ogun Towton

Mo ti lo ọdún mẹ́jọ ní ìlú Leeds, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí n tó fi ẹsẹ̀ tẹ pápá Towton, bẹ́ẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ nínú ọkọ̀ láti ẹnu ọ̀nà mi débẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó fẹ́ràn ìtàn ló gbé mi lọ ní ìparí oṣù kẹta, ní òwúrọ̀ kan tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ bí ẹni pé a jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ohun ńlá ni mo ń retí, ère tàbí odi tàbí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ṣùgbọ́n oko ni mo bá. Ilẹ̀ gbalasa tí àgbẹ̀ ti gbin ọkà sí ni, tó dà gẹ̀rẹ́ sí àfonífojì kan, pẹ̀lú àgbélébùú òkúta kan lẹ́bàá títì tí awakọ̀ tó bá ń sáré kò ní í rí, àti pátákó díẹ̀ fún ẹni tó bá ní sùúrù láti kà wọ́n. Níbẹ̀, láàárín abúlé Towton àti abúlé Saxton, ni àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti doríkọ ara wọn ní ọjọ́ 29, oṣù kẹta, ọdún 1461, tí wọ́n sì pa ara wọn débi pé ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé kò sí ogun mìíràn lórí ilẹ̀ náà tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ni.

Kí n tó lọ, mo ti ka ohun tí mo rí kà nípa ogun náà, mo sì rò pé mo ti mọ ìdí rẹ̀: ìdílé York àti ìdílé Lancaster ń du adé, ó tán. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn wa, mo mú bébà kan, mo kọ orúkọ àwọn àgbà ogun ìhà méjèèjì sí i, mo sì kọ bí bàbá kọ̀ọ̀kan wọn ṣe kú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Henry Beaufort, Duke ti Somerset, ọmọ ọdún 25, tó jẹ́ balógun àwọn Lancaster: wọ́n pa bàbá rẹ̀ ní St Albans ní 1455. Henry Percy, Earl ti Northumberland: wọ́n pa bàbá rẹ̀ ní St Albans lọ́jọ́ kan náà. John, Lord Clifford: St Albans, ọjọ́ kan náà. Mo yí bébà náà sí òdìkejì. Edward ti York, ọmọ ọdún 18: wọ́n pa bàbá rẹ̀ ní Wakefield ní ìparí ọdún 1460. Richard Neville, Earl ti Warwick: wọ́n bẹ́ bàbá rẹ̀ lórí lẹ́yìn ogun Wakefield yẹn. Mo jókòó ti bébà yẹn fún ìgbà pípẹ́. Àwọn tó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wá sórí oko yìí, ọmọ tí wọ́n pa bàbá wọn ni wọ́n, ẹni tó pa bàbá wọn ló sì wà lápá kejì oko.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀ kò lọ́jú pọ̀ tó bí ìwé ṣe máa ń mú un lọ́jú pọ̀. Ọba Edward Kẹta, tó wàjà ní 1377, bí ọmọkùnrin púpọ̀, inú ìran wọn sì ni Lancaster àti York ti jáde. Àwọn Lancaster gba adé ní 1399. Ọmọ-ọmọ ẹni tó gbà á ni Henry Kẹfà, tí wọ́n fi jọba ní 1422 nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún kan, tó sì dàgbà di oníwà pẹ̀lẹ́ àti olùfọkànsìn tí ọ̀rọ̀ ìjọba kò bá lára mu. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1453 ni iyè rẹ̀ ra. Fún ohun tó lé ní ọdún kan kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, kò mọ ẹnikẹ́ni, àní wọ́n gbé ọmọkùnrin tí Margaret ti Anjou, ayaba rẹ̀, bí fún un lásìkò náà wá síwájú rẹ̀, kò bojú wò ó. Àwọn àgbà wa ní baálé ilé kú, ilé dahoro. Ní ilé tiwọn yìí, baálé kò kú, ó kàn jókòó síbẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ìyẹn sì burú jù ú lọ, nítorí kò sẹ́ni tó lè jogún rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Richard, Duke ti York, ìbátan ọba, ní òun ni yóò máa bójú tó ilé. Àwọn tó yí ayaba ká, tí bàbá Somerset jẹ́ olórí wọn, ní kò sí ohun tó jọ ọ́.

Ìjà St Albans, ní ọjọ́ 22, oṣù karùn-ún, ọdún 1455, kò tó nǹkan. Àárín ìlú ni wọ́n ti jà á, láàárín ilé àti ọgbà, kò sì pẹ́ tó fi parí. Àwọn tó kú kò pọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí eruku rọlẹ̀, òkú mẹ́ta ni gbogbo ìlú ń tọ́ka sí: bàbá Somerset, bàbá Northumberland àti bàbá Clifford, ọ̀tá York àti ọ̀tá àwọn Neville, ìdílé Warwick, ní tààràtà, bí ẹni pé orúkọ ni wọ́n pè kí wọ́n tó pa wọ́n. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fi ọmọkùnrin sílẹ̀.

Ibi tí mo ti dúró jù nínú gbogbo ìtàn yìí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1458, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ọ̀wọ́ ọmọ ogun, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ bàbá àwọn ń ké. Ọba Henry, tí ara rẹ̀ ti yá díẹ̀, tí kò sì sí ohun tó wù ú ju àlàáfíà lọ, bá wọn parí ọ̀rọ̀ bí ẹni rere ṣe máa ń parí ọ̀rọ̀. Ó ní kí York, Salisbury tó jẹ́ bàbá Warwick, àti Warwick fúnra rẹ̀ san owó fún ìdílé àwọn òkú, kí wọ́n sì máa san £45 lọ́dọọdún fún ilé àwọn mọ́ǹkì ní St Albans kí wọ́n lè máa gbàdúrà fún ọkàn àwọn tí wọ́n pa. Ní ọjọ́ 25, oṣù kẹta, ọdún náà, gbogbo wọn rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì St Paul ní méjì méjì, tí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú: ọ̀dọ́mọkùnrin Somerset pẹ̀lú Salisbury, ayaba pẹ̀lú Duke ti York, ọba tó dé adé sì wà láàárín wọn. Wọ́n pe ọjọ́ náà ní Ọjọ́ Ìfẹ́. Mo máa ń gbìyànjú láti rí ọwọ́ Somerset lójú ọkàn mi, ọmọ ọdún 22 tó di ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó kó ogun tó pa bàbá rẹ̀ wá, tí ogunlọ́gọ̀ sì ń wò ó bóyá yóò rẹ́rìn-ín. Owó ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì sí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ayé, ó sì ti parí ìjà níbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a san án fún gbọ́dọ̀ gbà á látọkàn wá, kò sì dájú pé ẹnikẹ́ni bi àwọn ọmọ wọ̀nyí léèrè. Láti Ọjọ́ Ìfẹ́ yẹn dé Towton, ọdún mẹ́ta àti ọjọ́ mẹ́rin ni.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1460, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe àdéhùn kan tó jọ ọgbọ́n lórí ìwé. Henry yóò máa jọba títí yóò fi kú, lẹ́yìn rẹ̀ ni adé yóò bọ́ sọ́wọ́ York àti àwọn ọmọ York. Ọmọ ọdún méje tí Margaret bí ni wọ́n fi àdéhùn yìí tì síta, mi ò sì rò pé abiyamọ kan wà níbikíbi tí yóò gbọ́ irú rẹ̀ kó lọ sùn. Àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ní àríwá kó ogun jọ. Ní ọjọ́ 30, oṣù kejìlá, wọ́n pa Duke ti York lẹ́yìn odi Wakefield, wọ́n pa ọmọ rẹ̀ Edmund, Earl ti Rutland, tó jẹ́ ọmọ ọdún 17, wọ́n sì bẹ́ Salisbury lórí. Ìtàn tó gbajúmọ̀ ni pé Clifford ló fọwọ́ ara rẹ̀ pa ọmọdékùnrin náà nítorí bàbá tirẹ̀. Wọ́n gbé orí àwọn òkú wọ̀nyí kọ́ ẹnubodè Micklegate ní ìlú York, wọ́n sì fi adé oníwèé dé orí Duke ti York. Ẹnubodè náà ṣì wà. Mo ti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lọ ra nǹkan ní ọjà láìmọye ìgbà láìgbójú sókè.

Oṣù mẹ́ta tó tẹ̀lé e sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Edward, tó di olórí ìdílé York láàárín ọjọ́ kan, ṣẹ́gun ní Mortimer's Cross ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì, ní òwúrọ̀ tí oòrùn mẹ́ta yọ lójú ọ̀run. Ohun tí òtútù máa ń fa ni, ṣùgbọ́n ó ní àmì Ọlọ́run ni, ó sì fi oòrùn ṣe àmì ìdílé rẹ̀. Margaret ṣẹ́gun Warwick ní St Albans kan náà ní ọjọ́ 17, oṣù yẹn, ó gba ọkọ rẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn York, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nítorí ẹ̀rù ìkógun àwọn ará àríwá. Edward wọ Lọ́ńdọ̀nù dípò rẹ̀, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ọba ní ọjọ́ 4, oṣù kẹta. Ó wá di pé ọba méjì wà, ààfin kan. Edward kò dúró de ìgbà tí wọ́n máa fi òróró yàn án. Ó gba ọ̀nà àríwá lọ.

Ní ọjọ́ 28, ọjọ́ Sátidé, wọ́n jà lórí afárá Ferrybridge. Clifford àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ di afárá náà mú, ọfà ba Warwick lẹ́sẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bọ́ sínú omi yìnyín odò Aire. Nígbà tí àwọn York rí ọ̀nà mìíràn gbà kọjá ní Castleford, Clifford sáré padà sọ́dọ̀ àwọn tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n bá a ní àfonífojì Dintingdale, ọfà gún un lọ́fun, ó kú níbi tí kò jìnnà sí ibùdó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jáde wá gbà á. Ó ku bí ọjọ́ mẹ́wàá kó pé ọmọ ọdún 26. Nínú àwọn ọmọ mẹ́ta tó gba owó ẹ̀jẹ̀, òun ni ó kọ́kọ́ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn Lancaster tò sórí ilẹ̀ gíga ní gúúsù Towton, wọ́n dojú kọ gúúsù. Odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Cock Beck wà lápá ọ̀tún wọn, ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìdúró dáadáa ni lójú ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀tá gun òkè wá bá òun. Ọba Henry kò sí láàárín wọn. Ó wà ní ìlú York pẹ̀lú ayaba àti ọmọ wọn, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n jà ní ọjọ́ mímọ́. Ọ̀pẹ kì í hù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ka igi yew tàbí igi willow ni àwọn ará ìgbà náà máa ń gbé lọ́jọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Igi yew yìí kan náà ni wọ́n fi ń gbẹ́ ọrun. Ọ̀rẹ́ mi ló sọ ìyẹn fún mi bí a ṣe ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, kò tilẹ̀ sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ pàtàkì, ṣùgbọ́n kò kúrò lọ́kàn mi títí a fi padà sílé.

Òjò dídì ń bọ́. Afẹ́fẹ́ láti gúúsù ń gbé e lu àwọn Lancaster lójú. Ọ̀gá àwọn tafàtafà York ni William Neville, Lord Fauconberg, ọkùnrin kúkúrú kan tó ti jagun dàgbà sí ilẹ̀ Faransé. Ó ní kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ta ọfà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n sì fà sẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ gbé ọfà wọn dé ibi tí agbára apá nìkan kò lè gbé e dé. Àwọn Lancaster tí ọfà náà bà, tí wọn kò ríran jìnnà nínú òjò dídì, bẹ̀rẹ̀ sí í ta tiwọn láìdáwọ́dúró, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ti àwọn kan lẹ́yìn ló ń ti àwọn kejì padà. Ilẹ̀ òfìfo ni gbogbo ọfà wọn gún. Nígbà tí apó wọn gbẹ, Fauconberg ní kí àwọn tirẹ̀ tún bọ́ síwájú. Wọ́n ta ohun tó kù lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń fa ọfà ọ̀tá yọ nínú ilẹ̀, wọ́n ń dá a padà fún àwọn tó ni ín. Ìwé ìtàn tó sọ èyí fún wa ní wọ́n tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi díẹ̀ sílẹ̀ lórí ìdúró, kó lè máa kọ́ àwọn tí yóò sáré bọ̀ lẹ́sẹ̀.

Fauconberg yìí, àbúrò bàbá Warwick ni, ẹ̀gbọ́n ìyá Edward sì tún ni. Ìyẹn kò yani lẹ́nu, apá kan náà ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ìyá Northumberland, Eleanor Neville, ọmọ ìyá òun náà ni. Ọmọ ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin wà lára àwọn olórí tó dúró ní ọ̀kánkán rẹ̀ nínú òjò dídì yẹn, nígbà tí ó gbé ọwọ́ sókè pé kí wọ́n ta á. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ nílé wa, a ó mọ orúkọ tí a ó pe irú ogun bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pe gbogbo àwọn ogun náà ní ogun òdòdó róòsì, orúkọ tó dùn lẹ́nu, èyí tí àwọn tó jà á kò gbọ́ rí, nítorí nǹkan bí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló tó di gbajúmọ̀.

Àwọn Lancaster kò lè dúró kí ọfà máa pa wọ́n, wọ́n fi ilẹ̀ gíga wọn sílẹ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá jà lójúkorojú. Idà, àáké, ọ̀kọ̀ àti kùmọ̀ onírin ni wọ́n fi ń ba ara wọn. Àwọn ìwé ìtàn àtijọ́ ní wákàtí mẹ́wàá ni. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ti fi àáké la igi rí fún wákàtí kan mọ ìdí. Ṣùgbọ́n ó pẹ́, àwọn York sì ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé Edward, géńdé tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ dáadáa, ní láti máa rìn láàárín wọn, kí wọ́n lè rí i pé ọba àwọn kò gun ẹṣin sá. Ohun tó yí i padà ni àwọn ọmọ ogun Duke ti Norfolk, tó ti pẹ́ lọ́nà, tí wọ́n dé ní ọ̀sán láti ìhà ìlà-oòrùn. Wọ́n ya lu ẹ̀gbẹ́ òsì àwọn Lancaster, ìlà wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, ó ń yí, títí wọ́n fi kọ ẹ̀yìn sí odò.

Ó wá di sísá. Ibi tí ó burú jù nìyí, a sì rìn ín, nítorí ọ̀nà wà tó sọ̀ lọ síbẹ̀. Bí ẹsẹ̀ mi ṣe ń yọ̀ lórí koríko tútù, mo rò ó wò pé ẹni tó wọ ẹ̀wù irin ni mí, tó ti rẹ̀ mí, tí ẹlẹ́ṣin sì wà lẹ́yìn mi. Pápá tó wà nísàlẹ̀ náà, Pápá Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń pè é títí di òní. Cock Beck fúnra rẹ̀ kò tó nǹkan. Lọ́jọ́ tí mo rí i, ọmọdé tó ba lè fò yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ fò ó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó kún, ẹni tó bá ṣubú sínú rẹ̀ kò rí àyè dìde nítorí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ìtàn sì sọ pé nígbà tó yá, orí òkú ni wọ́n ń gbà kọjá. Àwọn tó dé Tadcaster bá odò Wharfe níwájú, afárá tó wà lórí rẹ̀ ni àwọn ará tiwọn fúnra wọn sì ti já. Ọmọ Yorùbá tó bá mọ ìdí tí a fi ń pe ogun kan ní Jálumi kò nílò kí n ṣàlàyé síwájú sí i.

Northumberland kú lọ́jọ́ náà. Lord Dacre, tó jà fún Lancaster, kú; ìtàn àdúgbò ní ó ṣí akoto rẹ̀ láti mu omi ni ọmọdékùnrin kan tó wà lórí igi fi ta á lọ́fà. Ibojì rẹ̀ wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Saxton, òkúta rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, wọ́n sì ní wọ́n sin ín pẹ̀lú ẹṣin rẹ̀. Somerset sá là. Edward wọ ìlú York ní ọjọ́ kejì, ó bá orí bàbá rẹ̀ àti orí àbúrò rẹ̀ lórí ẹnubodè Micklegate, ó sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Ó pàṣẹ kí wọ́n bẹ́ Earl ti Devon lórí, orí ẹni yẹn ni wọ́n sì gbé rọ́pò.

Ènìyàn mélòó ló kú? Iye tí gbogbo ènìyàn máa ń pè ni 28,000. Ó wà nínú lẹ́tà tí ọba kọ sí ìyá rẹ̀, tí ìròyìn rẹ̀ tàn kálẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ní àwọn akéde ló kà wọ́n lórí pápá. Gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà kò sì ju nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ènìyàn lọ. Ọ̀pọ̀ òpìtàn òde òní rò pé ẹni tó ṣẹ́gun bu iyọ̀ sí i, èmi náà sì gbà pẹ̀lú wọn, nítorí ọba tó jẹ́ ọmọ ọdún 18, tí ọba mìíràn ṣì wà láàyè, nílò kí ìṣẹ́gun rẹ̀ tóbi ju kí ẹnikẹ́ni tún dá a dánwò. Ohun tó ká mi lára jù ni lẹ́tà George Neville, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Exeter, tó kọ sí aṣojú póòpù ní ọjọ́ 7, oṣù kẹrin. Òun náà dárúkọ iye yẹn, ó sì káàánú pé ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí wọ́n fi gbèjà ẹ̀sìn Kristi ni wọ́n dà sílẹ̀ báyìí láàárín ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà jọ ti aláìṣojúsàájú, àfi ìgbà tí mo rántí bébà mi. Àbúrò Warwick ni bíṣọ́ọ̀bù yìí. Bàbá tirẹ̀ náà ni wọ́n bẹ́ lórí lẹ́yìn Wakefield. Mo fi orúkọ rẹ̀ kún un.

Àwọn tí kò ní orúkọ lórí bébà mi jáde wá fúnra wọn ní ọdún 1996. Wọ́n ń kọ́ àfikún ilé kan ní Towton Hall, ni àwọn òṣìṣẹ́ bá kan egungun. Àwọn awalẹ̀pìtàn wá, wọ́n bá kòtò tí kò jìn tí wọ́n to nǹkan bí ogójì ọkùnrin sí bí ẹni to igi ìdáná, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Bradford sì yẹ̀ wọ́n wò. Ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju bí ọdún 16 lọ wà nínú wọn, ẹni tó sún mọ́ àádọ́ta ọdún sì wà níbẹ̀. Egungun èjìká àti ìgbọ̀nwọ́ àwọn mìíràn fi hàn pé láti ọmọdé ni wọ́n ti ń fa ọrun líle. Nínú agbárí 28 tí wọ́n lè yẹ̀ wò dáadáa, 27 ló ní ọgbẹ́, kì í sì í ṣe ọgbẹ́ kan. Ẹni tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 25 gba mẹ́jọ ní orí nìkan. Ìsàlẹ̀ ọrùn kò ní ọgbẹ́ tó pọ̀ tó ìyẹn, èyí tó túmọ̀ sí pé wọn kò dé akoto mọ́ nígbà tí wọ́n ń pa wọ́n: bóyá wọ́n ti bọ́ ọ sọnù láti lè sá, bóyá wọ́n ti mú wọn. Ọgbẹ́ kan ti tó láti pa ènìyàn. Ẹni tó fi keje àti kẹjọ kún un kò fẹ́ pa á mọ́, ó ń wá nǹkan mìíràn lára rẹ̀.

Nọ́ńbà 16 ni mo kò lè gbàgbé. Ó lé ní ọmọ ọdún 45. Ní ọdún púpọ̀ ṣáájú Towton, idà tàbí àáké ti la ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, egungun ìsàlẹ̀ ẹnu rẹ̀ sì ti so padà dáadáa. Ẹnìkan tọ́jú rẹ̀. Ẹnìkan ń ro ẹ̀kọ tàbí ọbẹ̀ tó rọ̀ sí i lẹ́nu títí ó fi lè jẹun padà. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn, ó tún gbé ohun ìjà rẹ̀, ó tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ wá sí Towton láti wá bá ọmọ olówó gbẹ̀san bàbá rẹ̀. Mi ò mọ bí bàbá tirẹ̀ ṣe kú. Kò sí ìwé tó kọ ọ́.

Àwọn olórí ń tẹ̀síwájú. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi òfin gba ilẹ̀ àti oyè àwọn tó bá Lancaster jà, òkú àti alààyè, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ Clifford, tó jẹ́ bí ọmọ ọdún méje, pàdánù bàbá àti ohun ìní lẹ́ẹ̀kan náà. Ìtàn ìdílé wọn ní àárín àwọn darandaran ni wọ́n gbé e pamọ́ sí títí ó fi dàgbà. Edward dárí ji Somerset, ó sún mọ́ ọn bí ọ̀rẹ́, àwọn ènìyàn sì ń kùn. Kò pẹ́ tí Somerset fi padà sọ́dọ̀ Henry, wọ́n bẹ́ ẹ lórí lẹ́yìn ogun Hexham ní 1464. Ọwọ́ tó di mú ní Ọjọ́ Ìfẹ́ kò tíì jẹ́ kí ọwọ́ mìíràn bá a lára mu. Warwick ṣọ̀tẹ̀ sí Edward, ó kú lójú ogun ní 1471, wọ́n sì pa ọmọ Margaret ní Tewkesbury ní oṣù karùn-ún ọdún náà, Henry sì kú nínú ilé ìṣọ́ Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Edward ní àbúrò kan, Richard, ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí wọ́n pa bàbá wọn ní Wakefield. Ìyá wọn ní kí wọ́n gbé e gba orí òkun lọ pamọ́ títí Towton fi parí. Nígbà tí òun náà jọba ní 1483, ó rántí pápá yẹn ju bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe rántí rẹ̀ lọ. Ó pàṣẹ kí wọ́n kó lára àwọn egungun lọ sin sí ilẹ̀ mímọ́ ní Saxton, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé àdúrà kan sí Towton fún àwọn tó kú níbẹ̀. Wọn kò parí rẹ̀ kí wọ́n tó pa á ní Bosworth ní oṣù kẹjọ ọdún 1485. Ní ọdún 2012 ni wọ́n hú egungun tirẹ̀ jáde lábẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ní ìlú Leicester. Kò sí akoto lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n pa á, wọ́n sì ka ọgbẹ́ tó wà ní agbárí rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, bí wọ́n ṣe ka ti nọ́ńbà 25.